Ìyàwó Mélòó Ni Bàbá Fẹ́? Ọ̀rọ̀ nípa ilé ríra ní Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa nìyí. Òjò ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tètè dé, àwọn tó pẹ́ dé ló sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ díẹ̀ nínú àwàdà ibẹ̀ kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì tó ṣe kókó sí ìparí.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Alága wa, Ìyá Akápò, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú òjò.

Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilé ríra nítorí pé àwọn tó ń béèrè owó yíyá láti fi ra ilé ti ń pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́. Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi: mo ń wọn ilẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé ẹ̀rọ kiri inú igbó àti ẹ̀yìnkùlé onílé nílùú yìí. N kì í ṣe lọ́yà, n kì í sì í ṣe ajẹ́ǹtì, nítorí náà n kò ní ilé kankan tí mo fẹ́ tà fún yín lónìí.

Àwa ará Òṣogbo kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Ìlú aró ni wọ́n ń pè wá. Obìnrin tó bá fẹ́ ra àdìrẹ yóò gbé aṣọ lọ sójú oòrùn, yóò fi itọ́ ra ìka, yóò fi ìka pa ara aṣọ wò bóyá aró rẹ̀ á ṣí, yóò ná an títí ọlọ́jà á fi bínú. Obìnrin yìí kan náà ló máa kó mílíọ̀nù mẹ́wàá fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ láti fi ra ilé, tí kò sì ní béèrè ìwé. Kí ló dé? Ojú ń tì í. Nínú gbogbo ẹjọ́ ilé tí wọ́n ti pè mí sí láti wá jẹ́rìí, àìmọ̀ kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó rà á mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Ojú ló ń tì í.

Kí ẹ má bàa rò pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Òṣogbo, bàbá àgbàlagbà kan gbà mí sílé, ó fún mi lẹ́ní sùn lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bàbá yìí ní ìdílé òun ní ilẹ̀ lọ́nà Ìkìrun, pé kí n wá mú pulọ́ọ̀tì kan. Mo wọn ilẹ̀ náà fúnra mi, mo ri píllà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sanwó, mo gba rìsíìtì. Orúkọ bàbá náà nìkan ló wà lórí rìsíìtì. Ó ń ṣe mí bíi kí n béèrè ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn á ṣe kojú ẹni tó fún un lẹ́ní sùn, kó ní, “Bàbá, ṣé tiyín ni lóòótọ́?” Mo dákẹ́.

Nígbà tó di ọdún kẹta, mo ti kó búlọ́ọ̀kù tó lé ní ẹgbẹ̀rún síbẹ̀. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan, mo bá ènìyàn méje. Wọn ò mú àdá dání o. Àga ni wọ́n gbé wá, wọ́n jókòó síwájú búlọ́ọ̀kù mi, wọ́n ń mu píọ́ wọ́tà. Ìyá àgbà kan láàárín wọn kí mi dáadáa, ó béèrè ìyàwó àti ọmọ, kó tó wá sọ pé, “Ọmọ mi, ta lo bi kó o tó kó búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ bàbá wa?” Ọmọ ìyàwó kejì ni ìyá yìí. Bàbá tó ta ilẹ̀ fún mi, ọmọ ìyàwó kẹta ni, kì í sì í ṣe òun ni àgbà ilé. Mo san owó ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn bá wá sọ fún mi pé òun rí ilé kan rà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tàbí ní Òkè-Baálẹ̀, pé olóògbé báyìí báyìí ló kọ́ ọ, n kì í bi í pé yàrá mélòó ni. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé, ìyàwó mélòó ni bàbá fẹ́? Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lábẹ́ àṣà wa, bí ọkùnrin bá kú tí kò kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí. Tí wọ́n bá fẹ́ pín in, ọ̀nà méjì ló wà: ìdí igi àti orí-ò-jorí. Ìdí igi ni pé kí wọ́n ka ìyàwó tó bímọ, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan. Orí-ò-jorí ni pé kí wọ́n ka orí àwọn ọmọ. Ẹjọ́ kan wà tí àwọn lọ́yà kì í gbàgbé, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá náà fi sílẹ̀, ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹjọ́ yìí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ní 1962, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí. Kí lèyí kan ẹni tó fẹ́ ra ilé? Ohun tó kàn án ni pé bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́rin, ìdí igi mẹ́rin ló ní ilé yẹn. Bí ìdí mẹ́ta bá fọwọ́ sí i, tí ẹ̀kẹrin ń gbé ní Jọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ sí i, ẹ ti ra ẹjọ́ nìyẹn.

Òfin tún tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Láti 1959 ni ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ kedere pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan, bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rárá ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹ̀ka tó kù mọ̀, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti yí i padà. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀nà tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbà dá ta ilé ẹbí fún yín kí ọkàn yín sì balẹ̀, ìbáà jẹ́ dáwódù fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé obìnrin kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n sábà máa ń fò, wọ́n á ní “ilé ọkọ ló wà.” Ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ yẹn ló jókòó síwájú búlọ́ọ̀kù mi. Ẹ ní kí òun náà wá, kí ó tẹ ìka, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdílé mùsùlùmí tó pín ogún ní ìlànà ẹ̀sìn ni, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi pín in hàn yín, kí ẹ mọ ẹni tí ilé bọ́ sí lọ́wọ́ gan-an. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti gba ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ gíga láti ṣàkóso ogún olóògbé, gbogbo orúkọ tó bá wà lórí ìwé yẹn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ má gbà pé “àbúrò mi kò sí nílé, èmi á bá a fọwọ́ sí i.”

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwé. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978 ni òfin ilẹ̀ tí a ń lò títí di òní jáde, òun ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sáré tọ C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń bu ọwọ́ lù, lẹ́yìn bíi pé oògùn ni. Ìwé tó dára ni, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí mo rí jù ni pé ẹni tó rà á á gba C of O lọ́wọ́ ẹni tó tà á, á fi sínú àpótí, á ní òun ti parí rẹ̀. Orúkọ ẹni tó tà á ló ṣì wà lórí rẹ̀! Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìwé ìgbélé-fúnni, tí wọ́n ń pè ní deed of assignment, lọ́dọ̀ lọ́yà, kí gómìnà fọwọ́ sí i pé ilé náà kọjá sọ́wọ́ yín, kí ẹ san owó òǹtẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Èyí ń gba àkókò àti owó, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún un. Ẹ tún wo ọjọ́ orí ìwé yẹn: ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn, ọjọ́ tí wọ́n fún ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti ń kà á. Ìwé tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 1992, ní 2091 ló máa parí, ìgbà yòówù kí ẹ rà á.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ohun kékeré kan tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, abẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń kọ ìwé ilẹ̀ wa. Ajẹ́ǹtì kan mú C of O wá síwájú mi lẹ́ẹ̀kan, òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lórí rẹ̀, ó rẹwà, ó ń dán. Ọjọ́ orí rẹ̀: 1989. Mo dá a padà fún un, mo ní kó bá mi kí gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti 1989.

Bó bá kan sọ́fè, ìwé tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn, mo lè sọ̀rọ̀ di ọ̀la. Ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè ilé náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ mú un fún sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á mú wá. Nọ́ńbà wà lára píllà kọ̀ọ̀kan, àwọn fígọ̀ tó ń sọ ibi tí igun ilẹ̀ wà sì wà lórí ìwé. Àwa á gbé àwọn fígọ̀ yẹn lọ sí Abẹ́rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, a ó fi wé àwòrán ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, bóyá orí ilẹ̀ rélùwéè ló wà, bóyá ìwé ilé ẹlòmíì ni wọ́n mú wá fún yín. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí wọ́pọ̀ jù bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwé á jẹ́ ojúlówó, ilé á jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kọ́ ló ni ilé yẹn.

Ọkùnrin kan láti Èkó ra ilé lọ́nà Ìlobùú, wọ́n ní orí pulọ́ọ̀tì kan ló wà. Pulọ́ọ̀tì tó mọ̀ lÉkòó ni ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 670 níbùú lóròó. Tiwa níhìn-ín sábà máa ń jẹ́ 50 sí 100, tí kò ju bíi mítà 465 lọ. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún un, kò sì sẹ́ni tó sọ òótọ́ fún un. Mo ń fa téèpù lọ, òun náà ń tẹ̀ lé mi, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí téèpù kan fẹ́ǹsì, ó ní, “Ẹ tún un wọ̀n, bọ̀ọ̀dá.” Mo tún un wọ̀n. Ibi tó fẹ́ gbé ilé ọmọ ọ̀dọ̀ sí, ilé ìdáná aládùúgbò ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà iná, ó kan Òṣogbo ju ìlú mìíràn lọ. Ìlú wa níhìn-ín ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí wáyà ńlá fi ń gba ojú sánmà wa lọ sí gbogbo ọ̀nà. Abẹ́ wáyà 330kV, àyè mítà 50 ló yẹ kó ṣófo, 25 lápá ọ̀tún, 25 lápá òsì. Ti 132kV, mítà 30. Ẹ lọ wo àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sábẹ́ wọn, táìlì wà níbẹ̀, àjà POP wà níbẹ̀, owó wọn sì máa ń dín sí ti àwọn yòókù. Ẹ bi ara yín léèrè ìdí tó fi dín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa ya X sí ògiri yẹn, ẹni tó tà á fún yín ti fi owó yín fẹ́ ìyàwó.

Omi náà ńkọ́? A fẹ́ràn Ọ̀ṣun, a ń kí i ní Yèyé, ṣùgbọ́n Yèyé kì í gbàgbé ọ̀nà tó ń gbà. Àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá a náà kì í gbàgbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ajẹ́ǹtì fẹ́ràn láti mú ènìyàn lọ wo ilé, nígbà tí gbogbo nǹkan gbẹ táútáú. Òjò ń rọ̀ báyìí. Bó bá dá, ẹni tó bá ń wá ilé láàárín yín kó má lọ sílé tààrà, kó gba àdúgbò tó ń wò lọ. Kó wo ara ògiri aládùúgbò, kì í ṣe ti ilé tí wọ́n ń tà, nítorí wọ́n ti kun ìyẹn. Bó bá rí ilà ẹrẹ̀ tó dúró síbì kan náà lára ilé mẹ́ta, ibi tí omi ń dé nìyẹn. Àti agbègbè igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ilẹ̀ tí òun fẹ́ tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Mo dárúkọ ọ̀dà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ó wà níjókòó, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ní kí n bá òun wo ilé kan lápá Ọ̀tà-Ẹ̀fun. Ilé náà dára. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, òórùn ọ̀dà ṣì ń jáde. Èmi, mo gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, àárín ilé àti fẹ́ǹsì, ibi tí kò fẹ̀ ju ìdajì mítà, tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Oòrùn ọ̀sán tan síbẹ̀ ní ìhà kan. Mo rí i pé ara ògiri yọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n kọ nǹkan tí wọ́n wá kùn ún bò. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi ha á. Àwọ̀ pupa jáde. Mo ha á sí i, lẹ́tà jáde. Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yẹn: ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájú-ẹ̀. Níwájú ilé, wọ́n ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọ̀dà tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀ràn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀pà ní iwájú ilé kejì ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.

Nítorí náà, ẹ bi aládùúgbò. Ẹ ra ẹ̀pà ìyá yẹn, kí ẹ jókòó.

Ìyókù kò le. Bí ayálégbé bá wà nínú ilé, ẹ mọ ọjọ́ tí owó wọn parí, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn fúnra wọn. Ẹ wo gbèsè iná tó wà lórí mítà. Ẹ wo ibi tí kànga wà sí sókàwéè. Ẹ tan gbogbo ẹ̀rọ omi. Ẹ gun òkè àjà bí ara yín bá gbà á. Owó, báńkì ni kó gbà, kì í ṣe inú báàgì. Ẹni tó bá ní “owó ń kán mi lójú, ẹnì kan ti fẹ́ wá san án lọ́la,” ẹ jẹ́ kí ẹni náà wá san án lọ́la.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lẹ́yìn pé bí òun bá ń béèrè gbogbo èyí, ṣé wọn ò ní ta ilé náà fún ẹlòmíì? Mo ní ó ṣeé ṣe. Jẹ́ kí ẹlòmíì rà á. Èmi á rí owó wíwọ̀n gbà nígbà tí ẹjọ́ bá dé.

Ìbéèrè tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti màmá kan tó ní àbúrò ọkọ òun ló fẹ́ ta ilé fún òun, pé bí òun bá béèrè ìwé, wọ́n á ní ìyàwó ilé ti di ọlọ́pàá. Mo ní, màmá, ẹ má fi ẹnu ara yín béèrè. Ẹ ní ẹgbẹ́ ló fẹ́ yá yín lówó, wàhálà ẹgbẹ́ sì pọ̀, wọ́n ní láìrí ẹ̀dà sọ́fè, láìrí orúkọ àti ọwọ́ gbogbo ìdí igi, wọn ò ní tú kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ẹ di ẹ̀bi rẹ̀ rù wá. Ẹ bú wa pọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Akọ̀wé, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti oṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò máa rí: ẹni tó bá fẹ́ yáwó ilé yóò mú sọ́fè àti orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i wá kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e. Wọ́n dìbò sí i níbẹ̀. Ẹni méjì péré ni kò nawọ́.

Mo sì ti gbà láti máa bá ẹgbẹ́ yẹ sọ́fè wò lọ́fẹ̀ẹ́, ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Fótókópì ni kí ẹ mú wá o. Ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ nílé.